Jéró onírin: ta ló máa gbìn ín, ta ló sì máa rà á?

Ìyá_Ológì
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ìyẹ̀fun ẹ̀kọ ọmọdé ni mò ń ṣe tà n'Íbàdàn níbí. Jéró, ọkà bàbà, sóyà àti ẹ̀pà ni mo máa ń yan kí n tó lọ̀ wọ́n pọ̀, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí Tọ́m Bíráùn. Mo tún ń se ògì jéró fún àwọn tó bá fẹ́ ẹ. Ọjà Bódìjà ni mo ti ń ra ọkà mi, lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o bọ̀ láti Òkè Ọya.

Oníbàárà mi kan tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera ló sọ fún mi pé àwọn onímọ̀ ti ṣe jéró kan tí irin inú rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀, tí àrùn kì í sì í tètè mú lóko. Ó ní àwọn ọmọ Íńdíà ti ń jẹ ẹ́ tipẹ́. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ alájàpá mi, ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn. Ó ní jéró ni jéró ń jẹ́.

Ṣé òótọ́ ni? Ta ló ṣe é? Ṣé kì í ṣe èyí tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ yí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ padà? Tó bá sì wà, báwo ni èmi tí mò ń fi kóńgò wọn ọkà ṣe máa dá a mọ̀?

Ọmọ_Samaru
Ẹ kú ọjà, ìyá. Òótọ́ ni. Dhanashakti ni orúkọ irúgbìn náà. Ní 2012 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde fún àwọn àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ Maharashtra, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i fún gbogbo Íńdíà ní 2014. ICRISAT ló ṣe é, ilé ìwádìí tó wà ní Patancheru lẹ́bàá Hyderabad, pẹ̀lú àwọn HarvestPlus tí iṣẹ́ tiwọn jẹ́ kí èròjà tó ń ṣara lóore pọ̀ sí i nínú oúnjẹ tálákà. Irin inú jéró tó wọ́pọ̀ máa ń tó bíi mílígíráàmù 47 nínú kílò kan. Ti Dhanashakti jẹ́ 71, síǹkì inú rẹ̀ sì tó 40. Oníbàárà yín bù sí i díẹ̀, kò tó ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nǹkan kékeré fún ẹni tó jẹ́ pé òun ló ń jẹ láàárọ̀ àti lálẹ́.

Kò sí abẹ́rẹ́ kankan. Irúgbìn kan ti wà nílẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ fẹ́ràn, ICTP 8203. Gbogbo hóró inú rẹ̀ kò rí bákan náà. Wọ́n yẹ wọ́n wò ní ìdílé-ìdílé, wọ́n ṣa àwọn tí irin wọn ga jù, wọ́n kó wọn jọ sí oko kan, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n gba lẹ́búlẹ́bú ara wọn. Iṣẹ́ tí àwọn ìyá wa ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ń ṣa ṣírí tó dára sí àjà ni, àfi pé àwọn wọ̀nyí ní ẹ̀rọ tó ń rí irin.

Ẹ̀rọ yẹn ń fi ìtànṣán X-ray ka irin àti síǹkì inú hóró ní ìṣẹ́jú díẹ̀, láìlọ ọkà náà rárá. Ohun tó ń dààmú wọn ni eruku. Erùpẹ̀ ilẹ̀ wa kún fún irin, tó bá lẹ̀ mọ́ hóró, ẹ̀rọ á kà á mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń wá alumíníọ̀mù nínú ọkà náà pẹ̀lú. Tí alumíníọ̀mù bá pọ̀, erùpẹ̀ ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ọkà.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn náà ni pé ICTP 8203 kì í ṣe ọmọ Íńdíà. Inú jéró ìbílẹ̀ àríwá Tógò ni wọ́n ti yọ ọ́, irú èyí tí wọ́n ń pè ní iniadi. Hóró rẹ̀ tóbi, ó máa ń tètè gbó. Ó wà ní Gáná, ó wà ní Burkina Faso, ó wà ní òkè Bẹ̀nẹ̀ náà. Ní 1988 ni Íńdíà fọwọ́ sí ICTP 8203.

Ará_Ṣábẹ̀
Ẹ ṣeun gan-an fún ti Tógò yẹn. Mo ti ṣiṣẹ́ lókè lọ́hùn-ún, ní agbègbè Atacora ní Bẹ̀nẹ̀, ní Boukoumbé àti Tanguiéta. Àwọn ará ibẹ̀ ló ń jẹ jéró, àwa tí a wà nísàlẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kà á kún. Mo ń bọ̀ wá sọ nǹkan nípa àwọn obìnrin Bẹ̀nẹ̀ kan, ẹ jẹ́ kí n délé ná.

Òtítọ́_Korò
Ẹ kú àlàyé, Ọmọ_Samaru. Àmọ́ ohun kan wà tí àwọn tó ń gbé irú ìròyìn yìí kì í fọwọ́ kàn. Irin kò ní àwọ̀, kò ní adùn, kò ní òórùn. Ẹni tó gbin jéró onírin àti ẹni tó gbin èyí tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, iye kan náà ni alájàpá máa san fún àwọn méjèèjì. Kí ló wá máa mú kí àgbẹ̀ Jigawa tàbí Sokoto ju irúgbìn rẹ̀ nù? Nítorí ẹ̀jẹ̀ ọmọ ẹni tí kò mọ̀ rí n'Íbàdàn? Ẹ má bínú o, mi ò rí i.

Ọmọ_Samaru
Ẹ rí i dáadáa, ẹ̀gbọ́n. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kí ẹ wo irúgbìn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ó lé ní ogún ọdún tí ICTP 8203 ti wà lóko àwọn ará Maharashtra kí Dhanashakti tó jáde. Wọ́n ń gbìn ín torí pé ó tètè ń gbó, hóró rẹ̀ tóbi, àrùn tí wọ́n ń pè ní downy mildew kì í sì í rí i gbé ṣe. Nígbà tí wọ́n yọ Dhanashakti nínú rẹ̀, gbogbo ìwà yẹn ló bá a wá. Àgbẹ̀ kò ra irin. Irúgbìn tí kò ní já a kulẹ̀ ló rà, irin sì wà nínú àpò kan náà. Ẹ gbé jéró onírin tí àrùn ń pa fún un, kò ní gbìn ín lẹ́ẹ̀kejì, ì báà jẹ́ wúrà ló wà nínú rẹ̀.

Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn tó ń kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ owó ìwádìí pé kí wọ́n má ya ọ̀rọ̀ àrùn àti ọ̀rọ̀ oúnjẹ sọ́tọ̀. Lóko, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Àgbẹ̀_Kíṣì
Downy mildew tí ẹ ń sọ yẹn, ṣé òun ni èyí tí ṣírí ọkà máa ń di ewé? Ọkà bàbà la ń gbìn jù níbí, ṣùgbọ́n mo máa ń gbin jéró díẹ̀ sáàárín ẹ̀wà. Ẹ óò rí ọ̀gbìn kan tó ga, tó gbó, àfi tó bá yọ orí tí ẹ óò rí i pé kò sí hóró kankan níbẹ̀, ewé wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ ló kún un bíi ìgbálẹ̀. Àwọn kan níbí ń sọ pé oòrùn ló fà á. Mi ò gbà.

Ọmọ_Samaru
Òun gan-an ni, bàbá, oòrùn kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí kan, Sclerospora graminicola, ló ń fà á. Lóru tí ìrì bá sẹ̀, tí afẹ́fẹ́ tutù díẹ̀, ó máa ń hu bí ìyẹ̀fun funfun sábẹ́ ewé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, afẹ́fẹ́ ti gbé èso rẹ̀ lọ sára ọ̀gbìn mìíràn. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù ló máa ń mú jù. Tó bá ti wọlé sínú rẹ̀, á máa bá a dàgbà: ewé á ṣì láti ìdí, á di aláwọ̀ ìyeyè, òmíràn á kú kó tó yọ orí rárá. Èyí tó bá yọ orí á di ohun tí ẹ rí yẹn.

Èso rẹ̀ tún wà ní oríṣi kejì, tí èèpo rẹ̀ nípọn. Ewé tó bá gbẹ ló ń bá bọ́ sílẹ̀, ó sì lè sùn sínú ilẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan. Nítorí náà, tí ẹ bá rí ọ̀kan tó ti kàn, ẹ fà á tu, kí ẹ jó o kí ewé rẹ̀ tó gbẹ. Oògùn tó ní metalaxyl nínú, tí wọ́n ń fi yí irúgbìn kí wọ́n tó gbìn ín, máa ń dáàbò bo ọ̀gbìn nígbà tó ṣì kéré. Ṣùgbọ́n irúgbìn tí ẹ bá ti fi oògùn yí, ẹ kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ dà á fún adìẹ.

Oògùn dára, irúgbìn tó le sàn jù ú lọ. Ohun tó sọ àwọn ará Íńdíà di ẹni tó mọ àrùn yìí bí ẹni mọwó ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn ní nǹkan bí 1970. Ní 1965, wọ́n gbé háíbíríìdì jéró àkọ́kọ́ wọn jáde, HB 1, ìyẹn irúgbìn tí wọ́n fi ìyá àti bàbá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bí. Glenn Burton, onímọ̀ irúgbìn kan ní Tifton ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, ló ṣe Tift 23A tí wọ́n fi ṣe ìyá rẹ̀, jéró tí akọ rẹ̀ kò ní lẹ́búlẹ́bú tó lè sọ ara rẹ̀ di olóyún. Èyí ló jẹ́ kí ó rọrùn láti fi jéró mìíràn ṣe bàbá fún un. Ìkórè ròkè, inú gbogbo èèyàn ń dùn. HB 3 tẹ̀ lé e. Ìgbà tí ó di 1971, downy mildew wọlé, ó sì pa HB 3 lóko káàkiri.

Kí ló fà á? Downy mildew jéró kò sí ní Amẹ́ríkà. Tift 23A kò pàdé rẹ̀ rí, ẹnikẹ́ni kò sì lè mọ̀ ní Georgia pé kò lágbára láti kojú rẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé háíbíríìdì, gbogbo ọ̀gbìn rẹ̀ rí bákan náà. Kọ́kọ́rọ́ tó bá ṣí ilé kan lè ṣí gbogbo àdúgbò. Jéró ìbílẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ̀rún ọ̀gbìn, ẹgbẹ̀rún ẹ̀jẹ̀ ni.

Ọmọ_Georgia
Mo ń gbé nítòsí Atlanta, mi ò mọ̀ pé ìtàn yìí kan ìpínlẹ̀ wa! Ní gúúsù Georgia, màlúù ni wọ́n ń gbin jéró fún, pé kí ó fi ewé rẹ̀ jẹ. Wọ́n sì ń gbìn ín sí ìgbẹ́ àwọn ọlọ́dẹ kí àparò lè rí nǹkan jẹ. Nígbà tí mo sọ fún ará ibi iṣẹ́ mi kan pé a ń fi ṣe ẹ̀kọ fún ọmọ, ojú tó fi wò mí kò ṣeé sọ.

Àgbẹ̀_Kíṣì
Ẹ ò rí nǹkan. Àparò wọn ń jẹ jéró tí wọ́n dìídì gbìn fún un, ti àwa níbí, ẹ̀ga ló ń fipá jẹ ẹ́.

Òtítọ́_Korò
Ọmọ_Samaru, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fi ẹnu ara yín bá ọ̀rọ̀ yín jà. Tí kòkòrò bá lè pa HB 3 báyẹn, kí ló ní kí ó má yí padà pa Dhanashakti lọ́la? Ọdọọdún la ó máa ra irúgbìn tuntun ni?

Ọmọ_Samaru
Ó lè ṣẹlẹ̀, mi ò ní purọ́. Iṣẹ́ yìí kò lópin. Ní Patancheru, wọ́n ní oko tí wọ́n dìídì jẹ́ kí àrùn náà kún, wọ́n ń gbin jéró tí àrùn máa ń mú sí ìlà-ìlà láàárín rẹ̀ kí ó máa fẹ́ àrùn sára àwọn tí wọ́n fẹ́ dán wò. Wọ́n tún máa ń kó kòkòrò náà láti agbègbè lóríṣiríṣi wá sínú ilé gíláàsì, wọ́n á fín in sórí ọ̀gbìn tí kò tíì ju ewé kan tàbí méjì lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n á ti mọ èyí tó máa yè. Ìdí tí wọ́n fi ń kó ti agbègbè lóríṣiríṣi ni pé irúgbìn tó yè ní Rajasthan ní Íńdíà lè kú ní Niger.

Àpẹẹrẹ tó dáa jù ni HHB 67. Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Haryana, ní Hisar, ló gbé e jáde ní 1990. Kò ju nǹkan bí ọjọ́ 65 lọ tó fi ń gbó, èyí ló mú kí àwọn tó wà létí aṣálẹ̀ Rajasthan dì mọ́ ọn: òjò wọn lè dá nígbàkigbà. Nígbà tó yá, downy mildew bẹ̀rẹ̀ sí í mú un. Ẹ wò ó, ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe lọ́nà àtijọ́ á fi ọdún púpọ̀ ṣe é, ó sì lè sọ ọjọ́ 65 yẹn nù lójú ọ̀nà.

Ohun tí wọ́n ṣe nìyí. Àwọn onímọ̀ láti John Innes Centre àti Yunifásítì Bangor nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales ti ń bá ICRISAT ya àwòrán ibi tí àwọn jíìnì jéró wà, ìyẹn ohun tó ń gbé ìwà òbí dé ara ọmọ. Wọ́n rí ibi tí àwọn jíìnì tó ń lé downy mildew jókòó sí. Wọ́n mú jéró kan tó le, ICMP 451, wọ́n fi gba H 77/833-2 tó jẹ́ bàbá HHB 67. Wọ́n ń dá ọmọ wọn padà sọ́dọ̀ bàbá náà léraléra, ní ìran kọ̀ọ̀kan, wọ́n á já ewé díẹ̀ lára ọmọ, wọ́n á yẹ ẹ́ wò nínú yàrá ìwádìí bóyá jíìnì tí wọ́n ń wá wà níbẹ̀. Kò sí pé wọ́n ń dúró de àrùn. Ọ̀nà àtijọ́ ni wọ́n fi tún ìyá rẹ̀ ṣe ní tirẹ̀. Ní 2005, HHB 67 Improved jáde. Ọjọ́ tó fi ń gbó kò yí padà, hóró rẹ̀ kò yí padà, àrùn nìkan ló rí i pé ilé ti ní ìlẹ̀kùn. Ìyá_Ológì, ẹ ṣàkíyèsí: èyí náà kì í ṣe abẹ́rẹ́. Jéró gba jéró ni, wọ́n kàn ń fi ìmọ̀ jíìnì ṣa ọmọ.

Ní 2017, wọ́n ka gbogbo àkọsílẹ̀ jíìnì jéró láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó lé ní 38,000 jíìnì. Láti ìgbà yẹn ni irú wíwá báyìí ti túbọ̀ yá.

Kí n má gbàgbé: nígbà tí háíbíríìdì ń dojú ti wọn, ọ̀kan lára ohun tó gba Íńdíà sílẹ̀ jáde láti Nàìjíríà. Ní Samaru ní Zaria ni wọ́n ti po àwọn jéró láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè mọ́ gero, jéró ìbílẹ̀ Nàìjíríà tó tètè ń gbó, tí wọ́n pè é ní World Composite. Inú rẹ̀ ni ICRISAT ti ṣa WC-C75 tí Íńdíà fọwọ́ sí ní 1982. Kì í ṣe háíbíríìdì, àgbẹ̀ lè tọ́jú irúgbìn rẹ̀, downy mildew kò sì rí i gbé ṣe.

Òtítọ́_Korò
Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ báyìí: Zaria fún wọn ní èyí tó le, Tógò fún wọn ní èyí tó ní irin, àwa wá ń béèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé níbo la ti lè rí i rà. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ará_Ṣábẹ̀
Mo ti dé. Ìwádìí tí mo sọ nìyí. Ó jáde ní 2013, àwọn onímọ̀ láti Zurich ni wọ́n ṣe é pẹ̀lú obìnrin 20 ní Bẹ̀nẹ̀ níbí, àwọn tí irin ara wọn kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Wọ́n fún wọn ní òkèlè jéró pẹ̀lú ọbẹ̀ ewé tàbí ọbẹ̀ ilá, ìgbà kan jéró lásán, ìgbà mìíràn jéró tí wọ́n bí láti ní irin, ìgbà mìíràn jéró lásán tí wọ́n bu irin sí lẹ́yìn ìkórè. Irin inú oúnjẹ náà ní àmì tí wọ́n fi lè mọ èyí tó dé inú ẹ̀jẹ̀.

Irin tó wọ ara wọn nínú jéró onírin jẹ́ ìlọ́po méjì ti jéró lásán. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bu irin sí nílé iṣẹ́ ló tún ju àwọn méjèèjì lọ. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ apá kejì yẹn torí pé àwọn tó ń ta irúgbìn kì í sọ ọ́. Ní tèmi o, ní Boukoumbé, kò sí ilé iṣẹ́ tó ń bu irin sí nǹkan. Oko wà, odó wà, ilé wà. Ohun tó bá máa dé abọ́ wọn gbọ́dọ̀ ti inú oko wá.

Nọ́ọ̀sì_Àbẹ̀kẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ti àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Maharashtra náà wà, ọdún 2015 ló jáde. Ọmọ 246 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 12 sí 16 ni wọ́n fún ní búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní bhakri fún oṣù mẹ́fà, àwọn kan jẹ ti jéró onírin, àwọn yòókù jẹ ti jéró lásán. Nínú àwọn tí irin ara wọn kò tó láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn tó jẹ jéró onírin ló bọ́ nínú rẹ̀ jù, bí ìlọ́po kan àbọ̀ ó lé díẹ̀.

Ìyá_Ológì, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ọ̀rọ̀ ilé ìdáná, torí ibẹ̀ ni nǹkan wa ti ń ṣòfò. Irin inú jéró, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ wà ní èèpo àti ní ojú hóró. Tí ẹ bá rẹ ọkà, tí ẹ lọ̀ ọ́, tí ẹ wá fi aṣọ sẹ́ ẹ, èérí tí ẹ dà sílẹ̀ fún ewúrẹ́ ló gbé irin lọ. Ẹ lè ra jéró tó dára jù láyé, kí ewúrẹ́ yín sì jẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ le jù ládùúgbò.

Mi ò ní kí ẹ má ṣe ògì mọ́. Kíkan tí ògì ń kan wúlò, torí nǹkan kan wà nínú ọkà tí wọ́n ń pè ní phytate tó máa ń di irin mú kí ara má lè gbà á, ìkan máa ń dín in kù. Jíjẹ́ kí ọkà hu díẹ̀ kí ẹ tó sá a náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó dára ni pé kí ẹ rẹ ẹ́, kí ó kan, kí ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, kí ẹ má sẹ́ ẹ. Fún Tọ́m Bíráùn yín, ẹ kì í sẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀, ẹ ti jàre níbẹ̀. Kí àwọn ìyá ọmọ fi ọsàn tàbí èso kíkan mìíràn tẹ̀ lé e. Kí wọ́n má fi tíì tẹ̀ lé e. Ọmọ tó bá ti ń rẹ̀ ẹ́, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti funfun, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ológì.

Ìyá_Ológì
Ẹ ṣeun, nọ́ọ̀sì. Ewúrẹ́ mi sanra lóòótọ́, ẹ̀rín pa mí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ní kí n má sẹ́ ẹ, ẹ ò tíì sọ fún mi ohun tí mo máa ṣe sí kíkorò. Ìyẹ̀fun jéró kì í pẹ́ rárá kó tó yí òórùn padà, pàápàá nígbà ooru. Tí mo bá ta á fún oníbàárà tó sì korò lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, èmi ni wọ́n máa wá bá.

Ọmọ_Samaru
Òróró inú jéró ló ń fà á, ìyá. Òróró rẹ̀ pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ọkà lọ, nǹkan kan sì wà nínú hóró náà tó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í tú òróró yẹn ká ní kété tí wọ́n bá ti lọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé hóró rẹ̀ lè wà nínú àká fún ìgbà pípẹ́, kí ìyẹ̀fun rẹ̀ má lo ju bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí ọjọ́ mẹ́wàá lọ. Ooru máa ń pa nǹkan náà. Yíyan tí ẹ ń yan ọkà kí ẹ tó lọ̀ ọ́ ti ń ràn yín lọ́wọ́, ẹ rí i pé ó yan dénú, kí ó tutù tán kí ẹ tó dì í. Èyí tí ẹ máa tà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan nìkan ni kí ẹ máa lọ̀. Àwọn onímọ̀ irúgbìn náà ti ń wá jéró tí ìyẹ̀fun rẹ̀ máa ń pẹ́.

Ní ti bí ẹ ṣe máa dá a mọ̀ lọ́jà: ojú kò lè mọ̀ ọ́n, Òtítọ́_Korò ti sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí ohun tí Íńdíà ṣe ní 2018 fi wù mí. Wọ́n ṣe òfin pé jéró tuntun kankan kò ní gba ìwé àṣẹ mọ́ àfi tí irin inú rẹ̀ bá tó mílígíráàmù 42 nínú kílò kan, tí síǹkì sì tó 32. Wọ́n ní kò sí orílẹ̀-èdè tó ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú wọn. Ẹni tó ń ra ọkà kò ní láti mọ nǹkan kan, ẹnu ibodè ni wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Nílẹ̀ Áfíríkà, Niger ti gbé Chakti jáde, jéró onírin tó máa ń tètè gbó. Nàìjíríà ní ilé ìwádìí Lake Chad ní Maiduguri, àwọn ni ọ̀rọ̀ jéró wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lórí irúgbìn tí downy mildew kì í tètè mú, bíi SOSAT-C88 tó wá láti Málì. Irú òfin Íńdíà yẹn ló kù tí mo fẹ́ rí níbí.

Òtítọ́_Korò
Tí wọ́n bá ṣe òfin yẹn ní Nàìjíríà, tí wọ́n sì tẹ̀ lé e, mo máa dẹ́kun àríwísí. Mo ní tí wọ́n bá tẹ̀ lé e o.

Àgbẹ̀_Kíṣì
Ẹ jẹ́ kí n béèrè tèmi kí ọ̀rọ̀ yìí tó tán. Tí mo bá rí irúgbìn onírin náà, tí mo gbìn ín, ṣé mo lè tọ́jú ti ọdún tó ń bọ̀ nínú rẹ̀? Jéró aládùúgbò mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, kò sí ògiri láàárín wa.

Ọmọ_Samaru
Tí kì í bá ṣe háíbíríìdì, ẹ lè tọ́jú rẹ̀, bàbá. Wàhálà ibẹ̀ ni pé abo jéró máa ń yọ síta kí lẹ́búlẹ́bú tirẹ̀ tó jáde, nítorí náà ti aládùúgbò ló máa ń kọ́kọ́ gbà. Irin kì í ṣe ohun tí òbí kan ṣoṣo lè fún ọmọ tán, ìyá àti bàbá ló ń pín in. Tí bàbá kò bá ní in, ọmọ á bọ́ sáàárín. Ẹ gbìn ín jìnnà sí ti àwọn yòókù bí ẹ bá ti lè jìnnà tó, tàbí kí ẹ gbìn ín ní àkókò tí tiwọn kò ní yọ orí pọ̀ mọ́ tiyín. Àárín oko ni kí ẹ ti ṣa ṣírí irúgbìn, kì í ṣe etí rẹ̀. Kí ẹ ṣa ọ̀pọ̀ ṣírí láti ara ọ̀gbìn tí àrùn kò mú, kì í ṣe èyí mẹ́ta tó tóbi jù. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, ẹ lọ gba òmíràn.

Àgbẹ̀_Kíṣì
Ó yé mi. Ilẹ̀ tí mo ní lẹ́yìn odò kò sí jéró ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ẹ̀ga nìkan ni ìṣòro mi, àwọn ọmọ á máa lé e.

Ìyá_Ológì, ẹ gbọ́ o. Òtítọ́_Korò ní kò sí ẹni tó máa san owó irin. Tí mo bá gbìn ín, ṣé ẹ máa rà á?

Ìyá_Ológì
Mo máa rà á, bàbá, kódà mo máa kọ ọ́ sára ike ìyẹ̀fun mi. Ṣùgbọ́n iye Bódìjà ni mo lè san.

Àgbẹ̀_Kíṣì
Iye Bódìjà ti ní owó ọkọ̀ nínú. Tí ẹ bá máa wá kó o ní Kíṣì, mo máa yọ owó ọkọ̀ kúrò. Tí èmi bá gbé e wá, ẹ fi kún un. Ẹ wá sínú àpótí mi ká sọ̀rọ̀.

Òtítọ́_Korò
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ná an níbí kí gbogbo wa lè gbọ́.